Alárù Tó Ń Gbẹ̀yìn

Ọkùnrin kan wà, ará Ìkirun, tó ti fi orí ru kòkó títí ọrùn rẹ̀ fi ki pọ́pọ́ kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n kó o dé Bọ́mà ní Éṣíà, orí náà ni wọ́n sì tún lò níbẹ̀. Kò yìnbọn rí. Ẹrù ló ń rù lọ bá àwọn tó ń yìnbọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé omi ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà lórí òkè kan láti àná. Mẹ́rin nínú wọn fara gbọgbẹ́. Bí omi kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́rin yẹn kò ní rí ọjọ́ kejì.

Alárù mọ́kànlá ló gbéra, olúkúlùkù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ẹni tó bá sì ti rù kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ti ẹlòmíràn mọ́. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti sinmi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e ru àwọn mẹ́wàá yòókù, kó tó wá dá gbé tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń du irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí ló gbà á. Á gbé tirẹ̀ lé orúnkún, á gbé e lé àyà, á wá fi agbára ọrùn parí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kẹfà, ibi tí ọ̀nà ti ga jù ni. Ó gbé e ru àwọn mẹ́wàá tán, wọ́n sì ṣẹ́ kọ́nà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó tún un ṣe, ó tún kọ̀. Kò lè ké sí wọn, nítorí ọ̀tá wà nítòsí. Ẹ̀rù bà á. Ọkàn rẹ̀ ní kó da kẹ́ẹ̀gì kan nù, ta ni yóò mọ̀? Ogun tó ń jà lórí òkun àti lófuurufú káàkiri ayé, kí ni kẹ́ẹ̀gì omi kan jẹ́ nínú rẹ̀? Ó ti na ọwọ́ sí ìdérí.

Ó fi ìbínú wo òkè náà, ibẹ̀ ló ti rí i pé bèbè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga tó èjìká òun. Ó gba ibi tó dagẹ̀rẹ̀ fi okùn wọ́ ẹrù náà díẹ̀díẹ̀ dé etí bèbè. Ó padà sójú ọ̀nà, ó gbé òṣùká lérí, ó ki orí bọ abẹ́ ẹrù, ó nàró. Òkè tó ti ń dá a lágara láti àárọ̀ ló gbé e rù ú. Mo máa ń ṣí fìlà fún ọkùnrin yẹn.

Nígbà tó fi dé, wọ́n ti pín omi àwọn yòókù tán fún àwọn tó ń yìnbọn. Tirẹ̀ ni wọ́n fún àwọn mẹ́rin náà mu, oòrùn kò sì tíì wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, rédíò ọ̀gá wọn ka ìròyìn ogun ọjọ́ náà: ọkọ̀ tó rì sínú òkun, ìlú tí wọ́n gbà ní Yúróòpù, ọkọ̀ òfuurufú tó já bọ́. Nígbà tó kan Bọ́mà, ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Sájẹ́ńtì wọn túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fún wọn. Inú bí àwọn alárù, wọ́n ní àwọn kò ní gun òkè kankan mọ́.

Ọkùnrin náà bi wọ́n pé, “Ṣé wọ́n mu omi?”

Wọ́n ní wọ́n mu.

“Ṣé rédíò ló gbé e wá fún wọn ni? Ẹ lọ sinmi. Òùngbẹ kò gbọ́ rédíò o, á tún dé lọ́la.”

Akínbọ̀dé, ìwọ ni mo tìtorí rẹ sọ ìtàn yìí. Mo rí kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn tí o jù sórí tábìlì mi. Wọ́n ka orúkọ gbogbo ayé níbi àjọ̀dún láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò ka tìrẹ. Wọn kò ṣe dáadáa, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ní ìdájí. Wọ́n á tún wá lọ́la, nínú òtútù, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Àwọn arúgbó náà kò bìkítà fún orúkọ tí wọ́n kà. Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ.