Ọmọlanke Awẹ́ró àti Pálọ̀ Jagun
Àna ń bọ̀ wá sílé olóyè Jagun, ló bá ní kí Awẹ́ró akópàǹtí kó pálọ̀ òun mọ́ kó tó di ọ̀sán. Àmọ́ bó bá kó ohun tí òun ṣì nílò, òun á gba ọmọlanke rẹ̀. Awẹ́ró gbé garawa tó ń jò, Jagun ní òun nílò rẹ̀. Ó gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ku méjì, Jagun ní òun nílò ìyẹn náà. Kíá, Awẹ́ró kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kúnlẹ̀ fún Jagun tó tẹ̀lé e jáde: “Bàbá, kí n má baà ṣì í kó, ẹ fọwọ́ ara yín gbé èyí tí ẹ nílò wọlé.” Àwọn tó ń kọjá ti ń dọ̀bálẹ̀ kí olóyè. Jagun wo garawa, ó wo èrò, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti mú ìgbálẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti rí ilẹ̀ pálọ̀ náà kẹ́yìn.