Àpá Ojú Ìyá

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ère gbígbẹ́, láyé ìgbà tí ìlú ṣì máa ń sunkún òkú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ní ìlú tirẹ̀, bí àgbà tó lórúkọ bá kú, wọn a gbẹ́ igi tó jọ olóògbé náà, wọn a wọ aṣọ rẹ̀ fún ère, wọn a sì gbé e yí ìlú ká kí tọmọdé tàgbà lè dágbére fún un. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò nígbà náà. Ojú agbẹ́gilére ni gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá kan wá kú. Iná ti jó ìyá yìí rí, lọ́jọ́ tó sáré wọ ilé tó ń jó láti gbé ọmọ aládùúgbò jáde. Àpá iná náà wà lójú rẹ̀, láti ẹ̀bá etí títí dé àgbọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti di ọlọ́lá. Wọ́n lọ bá agbẹ́gilére, àkọ́bí sì sọ̀rọ̀:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àpá yẹn sí i. Àlejò ńláńlá ń bọ̀. A fẹ́ kí ìyá wa rẹwà."

Agbẹ́gilére ní, "Ìyá yín rẹwà tẹ́lẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n yìn ín, orí rẹ̀ sì wú. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ìyìn máa ń tètè wọ̀ yín lára. Ó gbẹ́ ojú ère náà, ó dán bíi ti omidan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé ère gba ọ̀nà ọjà. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní aṣọ rẹ̀ dára. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ọkùnrin kan sì jáde láàárín èrò, ọmọ tí ìyá gbé nínú iná lọ́jọ́sí, tó ti di bàbá ọmọ. Ó wo ère náà títí.

"Ta nìyí? Ìyá tó gbé mi jáde dà?"

Agbẹ́gilére ní kí wọ́n sọ ère kalẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀. Àkọ́bí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo fi ìyá yín pamọ́. Jẹ́ kí n gbé e jáde."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí. Kí ọ̀bẹ tó dé àgbọ̀n, obìnrin kan ti figbe ta, ó ń pe orúkọ olóògbé. Ni ẹkún bá gba ọjà kan. Àkọ́bí náà bojú, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tó ń kọrin, tó sì ń ṣe fíìmù, àárò agbẹ́gilére yẹn ń sọ mí. Àwọn ọlọ́lá ṣì ń bẹ̀ ọ́ pé kí o bá wọn mú ojú ìlú dán, o sì ń mú un dán. Àtẹ́wọ́ pọ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló rí iṣẹ́ rẹ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tó mọ̀ pé ìyá òun nìyí? Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀bá etí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.