Ìyá Tó Sọ̀rọ̀ Kí Fíìmù Tó Wọ Ẹ̀rọ

Ọkùnrin kan wà tí sinimá yíyà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí a ń fi fóònù yà o. Fíìmù ńlá ni tirẹ̀, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka mẹ́rin, tí a ń ká bí òwú sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fi í hàn lára ògiri, ènìyàn lè ka irun ìpéǹpéjú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n róòlù kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì wọ́n bí ojú. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ yìí ní àṣà kan: wọn kì í ki fíìmù bọ ẹ̀rọ títí wọn yóò fi dán gbogbo nǹkan wò lófìfo. Àṣà tó dára ni. Òun náà ló sì kó bá a.

Nígbà èwe rẹ̀, ó fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ogún ọdún ni ó fi ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn: ṣé bàbá òun bínú kú ni? Ẹ̀rù kò jẹ́ kó béèrè. Nígbà tí ìyá wá darúgbó, ó ránṣẹ́ sí i pé kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, òun fẹ́ sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí kẹ́yìn.

Róòlù kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́. Ó mú ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà lóde, wọ́n ń fi pátákó funfun darí oòrùn wọlé. Òun fúnra rẹ̀ na okùn ìwọ̀n láti ojú ẹ̀rọ dé imú ìyá, ó sì tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ẹ máa sọ ọ́, Màmá,” ni ó wí. “À ń dán an wò ni.”

Kí ni ìyá mọ̀ nípa dídánwò? Ọmọ òun ní kí òun sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tomijé-tomijé, títí dé òpin. Ọkùnrin náà rí omijé yẹn, ó rò ó pé yóò dára gan-an nínú sinimá. Ó ki fíìmù bọ ẹ̀rọ.

“Ó yá, Màmá, ẹ tún un sọ.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni.”

“Mi ò gbọ́ ọ, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wò.”

Ẹ̀rọ ń ké, fíìmù ń lọ, ìyá kàn ń wo ọmọ rẹ̀ ṣáá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, róòlù tán.

Ó dun ọkùnrin náà wọra. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kò sí fíìmù mọ́. Èmi nìkan ló kù.”

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. “Ìwọ nìkan náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀,” ni ó wí. “Bàbá rẹ ní kí n bá òun mú fọ́tò tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ wá. Ó gbé e lé àyà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé inú òun ti yọ́ tipẹ́, agídí ni kò jẹ́ kí òun pè ọ́.”

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Fíìmù yẹn ṣì wà nílé rẹ̀ dòní: arúgbó kan tó dákẹ́, tó ń fi ìfẹ́ wo ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní òun kò tíì ya èyí tó dára tó o.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ. O ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ yóò dilẹ̀ kí o tó jókòó ti àwọn ènìyàn rẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ kò dánra wò nígbà tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, tí o ń wá bàtà rẹ kiri. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń sọ. Ìyá yẹn ráyè tún tirẹ̀ sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń ráyè bẹ́ẹ̀. Bí o bá délé lónìí, kọ́kọ́ jókòó.