Ahọ́n Àwẹ̀ró Aláró

Aláró kan wà nílùú Òkè-Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ogójì ọdún ló fi rẹ aṣọ láró, kò sì ní òṣùwọ̀n mìíràn ju ahọ́n rẹ̀ lọ. Bó bá sẹ́ omi eérú tán, yóò ki ìka bọ̀ ọ́, yóò tọ́ ọ wò. Bí omi náà kò bá le tó, aró kò ní mú aṣọ. Bó bá le jù, yóò jẹ aṣọ. Àwẹ̀ró kì í ṣì í. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Lọ́dún kan, aṣọ oníbàárà méjì fàya mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé wèrè ti fẹ́ wọ ìyá àgbà, pé bí ẹ̀kẹta bá fi lè bàjẹ́, kó yáa fi ìdí aró sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àwẹ̀ró, ó sì dùn ún dé egungun.

Ìgbà náà ni oníbàárà kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká gbé aṣọ funfun kan wá. Ó ní, "Ìyá, aṣọ yìí nìkan ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí i."

Àwẹ̀ró tọ́ omi eérú wò, ó ní kò le. Ó tún da eérú sí i, ó sẹ́ ẹ, ó ní kò tíì le síbẹ̀. Ni Ṣíjúadé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá fi ìka kan omi náà, ó fi sẹ́nu, ó sì fò sókè.

"Yéè! Ìyá mi, ẹ má bínú, omi yìí ń ta bí iná!"

"Ìyàwó, ìgbà wo lo dé ìdí aró? Èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́?"

Ṣíjúadé kò jà. Ó kúnlẹ̀, ó ya etí ìró ara rẹ̀, ó rì í sínú omi náà. Nígbà tó fi máa fà á jáde lọ́jọ́ kejì, ó já wélewèle sí i lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró wo àkísà náà títí. Ó tún tọ́ omi náà wò, kò mọ̀ pé ó ń ta rárá. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á.

"Ọmọ mi," ó ní, "omi eérú ti pa ahọ́n mi. Lọ bá mi pe àwọn aláró méjì tó wà nítòsí wá."

Wọ́n bu igbá omi eérú kan, wọ́n fi igbá omi odò kan là á. Ṣíjúadé àti àwọn aláró méjèèjì tọ́ ọ wò, ó ṣì ń ta jù. Wọ́n bu ìkejì sí i, ó kù díẹ̀. Nígbà tó di ìkẹta, gbogbo wọn ní ó tó. Àwẹ̀ró wá ṣírò ti ìkòkò ńlá: igbá omi eérú mẹ́rin, igbá omi odò méjìlá. Omi yìí ni wọ́n fi po aró tí wọ́n fi rẹ aṣọ náà.

Àyọ̀ká dé, ó bá aṣọ rẹ̀ tó dúdú minimini. Ó fà á tagbáratagbára, kò ya. Ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó ní, "Ta ló ní orí ìyá yìí ti dàrú?"

"Má yìn mí o," ni Àwẹ̀ró wí. "Ahọ́n àwọn wọ̀nyí ni mo yá lò."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.