Níbi Tí Òkúta Ti Ń Géni Lẹ́sẹ̀

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo àpáta kí ó sì sọ ohun tí ilẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ rán an lọ sí aginjù kan tó jìnnà, ilẹ̀ olókè tí kò ní ọ̀nà, tí kò ní abúlé. Hẹlikọ́pítà ló gbé òun àti àwọn tó bá a lọ débẹ̀. Bàbà ni wọ́n ní kí ó wá lọ, bàbà pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná.

Wọ́n pàgọ́ sí etí odò kan ní ẹsẹ̀ òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọkùnrin náà ti ń bọ́jú nínú odò, ó rí òkúta kan lábẹ́ omi. Kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ó jọ̀lọ̀ bí ẹyin, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí. Ẹni tó mọ òkúta mọ àwọ̀ yẹn. Bí bàbà bá wà nínú òkúta, tí omi àti afẹ́fẹ́ bá a jà pẹ́, àwọ̀ ewé ni yóò mú jáde, bí irin ṣe máa ń dógùn-ún.

Ọkùnrin náà fò sókè nínú omi, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin. Kò dúró jẹun. Ìdí rédíò ló gbà lọ, ó ké sí àwọn ọ̀gá rẹ̀: "Mo ti rí i o! Ẹ̀bá àgọ́ wa gan-an ló wà!"

Wọ́n gbà á gbọ́. Hẹlikọ́pítà gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ wá ní ègé-ègé, wọ́n sì tò ó pọ̀. Òjérìndé ló ń darí ẹ̀rọ náà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò. Wọ́n gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti rí òkúta, yanrìn ló jáde. Wọ́n sún síwájú, amọ̀ ló jáde. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn ibi ìdáná, òkúta dúdú lásán ni. Nígbà tó yá, etí odò náà dà bí oko tí òkété ti gbà lọ́wọ́ olóko.

Òjò sì ń bọ̀. Bí òjò bá dé tán, hẹlikọ́pítà kò ní lè wá déédéé mọ́. Àwọn ọ̀gá sọ lórí rédíò pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́, pé àwọn yóò jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò bú ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọn a tú ká. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ó lọ jókòó sí etí odò, ó mú òkúta aláwọ̀ ewé náà jáde lápò, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ohun tó yẹ kí ó ti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́: "Ta ló fá ọ lára tí o fi jọ̀lọ̀ báyìí?"

Nítorí kò sí òkúta tí wọ́n bí ní jíjọ̀lọ̀. Nígbà tí òkúta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lára ìyá rẹ̀, etí rẹ̀ mú bí ìgò tó fọ́. Omi ni yóò máa yí i, tí yóò máa fi í gbá ara òkúta mìíràn, fún ọdún tí ẹ̀dá kò lè kà, kí ó tó dán bí ẹyin. Òkúta tó bá jọ̀lọ̀ ti rìn. Ó ti jìnnà sílé.

Ó dìde, ó lọ bá Òjérìndé níbi tó ti ń di ẹrù.

"Bá mi ká lọ sí òkè odò."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé o ò rí i pé ilé là ń lọ ni?"

"Àlejò ni òkúta yìí níbí. Mo jókòó ti àlejò, mo ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Jẹ́ ká lọ wo ibi tó ti wá."

Òjérìndé wò ó títí. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mú àdá, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n wọ inú odò, wọ́n dojú kọ omi. Òkúta aláwọ̀ ewé kò pọ̀ lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n sì rí jọ̀lọ̀. Wọ́n dé ibi tí odò méjì ti pàdé. Wọ́n gba ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ó fẹ̀, ó sì rọrùn láti rìn. Wọ́n rìn lọ, wọn kò rí ẹyọ kan. Wọ́n padà, wọ́n gba ọwọ́ òsì, níbi tó há tó sì ga. Níbẹ̀ ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń tóbi sí i, àwọn mìíràn sì ti ń ní igun.

Láti ìsàlẹ̀ odò ni Òjérìndé ti bọ́ bàtà rẹ̀ dání, nítorí omi kún inú rẹ̀. Ó ń kùn lọ bí oyin. Lójijì ni ó figbe ta: "Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

Òkúta aláwọ̀ ewé kan ti gé e. Ó jókòó sí etí omi, ó di ẹsẹ̀ mú. Ọkùnrin náà sáré dé, ó wo ẹsẹ̀, ó wo òkúta tó gé e, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ mi, o ń rẹ́rìn-ín?"

"Òjérìndé, láti àárọ̀ tí a ti ń tẹ òkúta nínú omi yìí, èwo ló gé ọ?"

"Kò sí."

"Èyí gé ọ! Èyí gé ọ, ọ̀rẹ́ mi! A ti ń súnmọ́ ilé rẹ̀!"

Ó ya apá ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Ó wá fi òòlù fọ́ òkúta náà, inú rẹ̀ sì kọ mànà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí idẹ tuntun. Òjérìndé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde tó ń tiro lọ síwájú.

Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà, ògiri àpáta kan dúró níwájú wọn. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ti ṣàn sí i lára. Ó sán káàkiri, inú gbogbo sísán náà ni bàbà dì sí. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún Òjérìndé pé láyé ìgbà tí ènìyàn kò tíì sí, omi gbígbóná gbé bàbà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó gba inú àpáta tó sán gòkè, bó sì ti ń tutù ló ń fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Òjò ló ń já a kélekèle, tí odò ń gbé e lọ bá ẹni tó ń bọ́jú.

Òjérìndé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Ó kọrin, àpáta gbà á, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n má lọ mọ́. Wọ́n tú ẹrù tí wọ́n ti dì. Nígbà tí òjò dá, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sókè, bàbà ló sì bá a jáde. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì wà á, nítorí ọ̀nà kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Adégòroyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni mo ń pa àkàwé yìí fún. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni o ó gbé Ìbídùnní níyàwó, inú gbogbo wa sì ń dùn. O sọ fún mi bí ọmọ náà ti tutù tó, bó ti ń ro ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni, èmi náà rí i. Ṣùgbọ́n o tún sọ pé òun nìkan lo fẹ́, pé bí ìgbéyàwó bá ti parí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ilé ìyá rẹ̀, nítorí ẹnu ìyá náà mú jù.

Wọ́n máa ń ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èmi kò bá odò wí lónìí. Ẹni tó bu omi mu ni mò ń bá wí.

Níbo lo rò pé ìwà yẹn ti ṣàn wá? Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú yẹn ló tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tó fọ́jú, lẹ́yìn tí ọkọ náà ti kú, kò sì jẹ́ kí ìyá àgbà sùn lébi lọ́jọ́ kan. Ìbídùnní wà níbẹ̀, ó ń wò ó.

Lọ́la, lọ kí i. Má rán ẹnikẹ́ni. Yóò ní o pẹ́ kí o tó wá. Yóò ní bàtà rẹ dọ̀tí. Yóò bi ọ́ bóyá wọn kì í dáná nílé yín tí o fi gbẹ báyìí. Jẹ́ kí ó gé ọ díẹ̀. Kí o rẹ́rìn-ín, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sì dúró jẹun. Ilé lo dé yẹn.