Ìdí Tí Àgùntàn Fi Ń Jẹ Àpọ̀jẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí ìkùukùu ṣì máa ń sọ̀kalẹ̀ wá mu omi lódò kó tó padà sókè, àgùntàn kì í jẹ àpọ̀jẹ. Tó bá ti já koríko, á gbé e mì, ó parí. Ohun tó bá ti wọ ikùn kì í padà wá sí ẹnu mọ́.

Ní ìsàlẹ̀ òkè kan, àgùntàn méjì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Àwẹ̀ró ni ẹ̀gbọ́n, Àjàgbé ni àbúrò. Ìyá wọn kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé àbúrò kì í fẹnu kan oúnjẹ kí ẹ̀gbọ́n tó jẹ. Àjàgbé ti ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré, débi pé ó mọ iye eyín tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá wọn darúgbó, ó sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì pọ̀. Wọ́n sin ín. Bí wọ́n ṣe ti ibi ìsìnkú dé, Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ọdán, ó ní òun kò jẹun. Koríko tútù yí i ká, kò wò ó.

Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Ẹ̀gbọ́n kò jẹun, àbúrò náà kò sì lè jẹun.

Àwọn ará àdúgbò wá kí wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ní kò sí ìbànújẹ́ tí ẹrẹ̀ kò lè wò sàn, ó sì fẹ́ fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ó ṣeun. Ẹṣin sọ̀rọ̀ ìyànjú títí oòrùn fi yí. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́ koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn, kó má bàa ṣòfò. Àjàgbé ní kó máa jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lọ sílé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ti tù wọ́n nínú.

Ní ọjọ́ kẹta, ebi ń pa Àjàgbé gidigidi. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá tún mọ́ bá wọn báyìí, àwọn méjèèjì ni yóò tẹ̀ lé ìyá wọn. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

Àwẹ̀ró ní, "Adùn ti kúrò nínú koríko, Àjàgbé. Máa jẹ tìrẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ?"

Àwẹ̀ró di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀bẹ̀ tán lẹ́nu Àjàgbé. Ó dùbúlẹ̀ tì í, ìhà kan ìhà, bí wọ́n ṣe máa ń sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Atẹ́gùn ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Ìtànṣán oòrùn ń gba àárín ewé kán sí wọn lára bí epo.

Àjàgbé ní, "Mo rántí ọjọ́ tí a jẹ láfún tí ìyá arúgbó kan sá sórí àpáta. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Àwẹ̀ró la ojú kan. "Irọ́ ni. Ìwọ lo kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan lo ṣáájú mi jẹun láyé. Èmi ń ṣọ́nà fún ọ ni."

Àjàgbé mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ìtàn náà ni. Ó ní ìyá wọn kò tiẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

"Kò mọ̀ kẹ̀?" Àwẹ̀ró la ojú kejì. "Nígbà tí ẹnu wa funfun bí ẹfun! A ní a ò gba ọ̀nà àpáta kọjá rárá. Ìyá kò bá wa wí. Ó ní ká lọ bá ìyá arúgbó náà wá olè."

"A sì wá a títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ìwọ lo tún ń pariwo jù: ẹ mú un, ẹ mú un."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Bí Àwẹ̀ró ṣe ń rẹ́rìn-ín, nǹkan kan rọra gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀ láti ikùn. Ó dé ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ wò. Láfún ọjọ́ náà ni, òórùn òjò wà lára rẹ̀, òórùn irun ìyá wọn náà wà níbẹ̀. Ikùn ti bá a tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó rọra ń jẹ ẹ́, ó di ojú rẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ó ṣì dùn."

Àjàgbé wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Ẹ̀gbọ́n ti jẹun. Ló bá dìde, ó kọjú sí koríko, kò sì gbé orí sókè títí ikùn rẹ̀ fi kún. Nígbà tó padà wá dùbúlẹ̀, tirẹ̀ náà gòkè wá. Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró dìde, ó já koríko díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àgùntàn ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Ewúrẹ́ àti Màlúù ń kọjá lọ lásìkò náà, wọ́n dúró gbọ́ ìtàn, wọ́n sì kọ́ ọ. Ẹṣin kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ ọ́n ṣe títí dòní.

Bí o bá rí àgùntàn méjì lábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí wọ́n di ojú díẹ̀, má lé wọn. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń jẹ. Wo ẹnu wọn dáadáa: àgbọ̀n wọn kì í kàn lọ sókè sódò bíi tiwa. Ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Ọ̀kan ń sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, èkejì ń sọ pé irọ́ ni.