Ọkùnrin tí Ó Ti Òkè Sánmà Dé

Ọkùnrin kan wà tí ó ti òkè sánmà dé, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti wọ yàrá ìyàwó rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ó lò lọ́hùn-ún, nínú ilé irin tí ó ń yí ayé po. Kí ó tó lọ, òun àti ìyàwó ti jọ sọ ọ́ pé bí ó bá ti dé, ọ̀rọ̀ ọmọ ló kàn.

Ó dé tán, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Ẹ̀yìn wo ni yóò máa dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní wá oògùn sí i? Ìyàwó kò bá a jà. Ó gbà pé ọkàn ọkọ òun ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ó sì ń dá sunkún.

Ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ni ó ń bà á lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ tí ó ń dáàbò bò wá níhìn-ín kò sí ní òkè lọ́hùn-ún. Ìtànṣán líle ń ti ara oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ jíjìnnà wá, ó ń gba inú ara kọjá, kò sì ní dun ẹni náà rárá. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kékeré tí a fi mọ ara, ni okùn tín-ín-rín kan wà, tí ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà lára rẹ̀. Ìtànṣán náà lè já okùn yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì pín sí méjì pẹ̀lú àbùkù, àwọn méjèèjì ni yóò gbé e lọ. Ọkùnrin náà ń rò ó pé ọwọ́ òun ni òun yóò fi gbé àbùkù fún ọmọ tí òun kò tíì rí.

Dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan, rí i pé ó ń rù. Ó bi í títí ó fi jẹ́wọ́.

Dókítà ní, “Ìdajì lẹ mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí okùn rẹ̀ bá já kì í kánjú pín. Á kọ́kọ́ dúró, àwọn tó ń tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀ á sì dé, wọ́n á so ó. Èyí tí kò bá ṣeé so, ó sábà máa ń kú fúnra rẹ̀. Díẹ̀ lè yọ́ kọjá, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni ara yín ti ń ṣàtúnṣe. Èyí tí ẹ fi pamọ́ fún ìyàwó yín ńkọ́, ta ló ń bá yín tún un ṣe? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Ọkùnrin náà lọ sílé, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ṣé nítorí èyí ni? Mo ti di ẹrù mi láti lọ.” Ó wá jókòó tì í, ó ní kí ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn lè jọ máa bẹ̀rù rẹ̀.

Láṣebìkan, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń pa ìtàn yìí fún. O ti ojú ogun dé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí i bí o ti ń dá jẹun, tí o ń dìde bí ọmọ rẹ bá ti sún mọ́ ọ. O rò pé ohun tí o rí lọ́hùn-ún yóò ràn án. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ó sì ń dùn mí fún ọ. N kò ní kí o sọ ọ̀rọ̀ ogun fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ni kí o sọ ọ́ fún, díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ bá ti mọ. Ọmọ ọ̀hún, gbé e lé itan rẹ. Lánàá ni ó bi mí pé kí ni òun fi ṣẹ bàbá òun.